Dísù Tó Ń Ṣòfófó

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ẹ̀yin ìyàwó, kí Bàbá Onílé má baà gbọ́ pé èmi náà ni mo tún ń sọ̀rọ̀. Ṣé ẹ mọ Akọ̀wé, ọkọ mi kékeré, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá wọn, tó ń wa katakata lóko kábéèjì ní Lincolnshire nílùú ọba? Òun ló pè mí. Mi ò bi í ní nǹkan kan o. Mo kàn ní, “Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà?” ni ọmọ bá tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Ó ní ọmọ àdúgbò wa kan wà lọ́hùn-ún. Mi ò ní í dárúkọ rẹ̀, torí ìyá rẹ̀ ń gba ẹnu ọ̀nà wa yìí lọ sọ́jà, ó sì máa ń ta ata fún mi láwìn. Ọ̀gbẹ́ni yìí ní mọ́tò akẹ́rù kékeré kan, ó fi ń bá àwọn tó ń kó kúrò nílé kó ẹrù ní Kent. Iṣẹ́ náà ń lọ dáadáa. Àwọn léèsì tí ìyàwó rẹ̀ ń gbé sórí WhatsApp, ẹ̀yin náà ẹ rí wọn. Gèlè tó wé lọ́jọ́ ìkómọ yẹn, ẹni tó jókòó sẹ́yìn rẹ̀ ò rí pásítọ̀ títí ìsìn fi parí. Mo ti wí nígbà náà pé owó yìí ń ti ibì kan wá, ẹ ní mò ń jowú.

Ibi tó ti ń wá nìyí: ọ̀gbẹ́ni ti rí àgbẹ̀ òyìnbó kan tó ń ta dísù fún un lẹ́yìn abà, lówó pọ́ọ́kú. Dísù náà sì pupa.

Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́, ẹ má tíì fajú ro, mò ń bọ̀ níbẹ̀. Dísù méjì ló wà lọ́dọ̀ wọn, ọ̀kan náà sì ni wọ́n. Ilé ìfọpo kan náà ni wọ́n ti ń jáde, ẹ́ńjìnnì ò sì lè dá wọn mọ̀ yàtọ̀. Owó orí ló pín wọn níyà. Lórí lítà kan èyí tí mọ́tò ń mu lójú títì, ìjọba ń gba pẹ́nsì 52.95, lórí ti àgbẹ̀, pẹ́nsì 10.18 péré. Láti oṣù kẹta ọdún 2022 ni wọ́n ti fi í síbẹ̀. Ẹni tó bá rọ lítà 100 èyí tó pupa ti jẹ ìjọba ní nǹkan bíi pọ́n-ùn 43 kó tó dé ẹnu géètì. Ẹ wá fi iye ìgbà tí mọ́tò akẹ́rù ń mu epo lóṣù sọ ọ́ di púpọ̀. Léèsì nìyẹn.

Ìjọba mọ irú ẹ̀dá tí ọmọ aráyé jẹ́. Wọn ò fi ọlọ́pàá sẹ́nu ọ̀nà oko kọ̀ọ̀kan, wọ́n kàn pa dísù tó dínwó náà láró pupa, kí ó lè máa tú àṣírí ẹni tó bá rọ ọ́ síbi tí kò yẹ. Èmi tí ẹ̀ ń pè ní olófòófó agbo ilé, mo júbà fún aró yẹn. Èmi ṣì máa ń sùn lọ́sàn-án.

Òfin tó gbé gbogbo rẹ̀ ró, ọdún 1979 ni wọ́n ti kọ ọ́, Hydrocarbon Oil Duties Act ló ń jẹ́. HMRC, àwọn agbowó orí, ló ń ṣọ́ ọ. Wọ́n láṣẹ láti dá ọ dúró lójú títì, kí wọ́n yọjú sínú táńkì rẹ, kí wọ́n gba mọ́tò náà lọ́wọ́ rẹ bí wọ́n bá bá ohun tó pupa níbẹ̀. Ẹ má bi mí bóyá wọ́n ń gba rìbá. Mo bi Akọ̀wé, ẹ̀rín ló fi dá mi lóhùn, mi ò sì mọ irú ẹ̀rín tó jẹ́.

Lọ́jọ́ tí ọwọ́ tẹ ọ̀gbẹ́ni, wọ́n to àwọn mọ́tò sẹ́bàá ọ̀nà, òun náà wà lórí ìlà, ó ń súfèé. Kí ló ń mú un súfèé? Ó ti pẹ́ díẹ̀ tó ti padà sórí dísù funfun, torí ẹ̀rù ti ń bà á. Lójú tirẹ̀, èyí tó pupa ti jó tán. Ọ̀dọ́bìnrin kan ló wá bá a, ó wọ ìbọ̀wọ́. Ó ṣí ìdérí táńkì, ó ki rọ́bà tín-ín-rín wọ inú rẹ̀ lọ títí tó fi kan ìsàlẹ̀, ó fa epo díẹ̀ sínú ìgò kan tí kò ju ìka lọ, ó gbé e sókè kọjú sí ìmọ́lẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni náà na ọrùn, ó rí i pé ó mọ́. Ọmọbìnrin yẹn ò sọ̀rọ̀. Ó fi bébà funfun kan sẹ́yìn ìgò náà, ó tún wò ó. Pupa rẹ́súrẹ́sú ló yọ. Ìfé dákẹ́.

Ká tiẹ̀ ní ojú ò rí nǹkan kan níbẹ̀, kò bọ́. Láti oṣù kẹrin ọdún 2015 ni ìlú ọba àti Ireland ti jọ ń fi èròjà kan tó ń jẹ́ Accutrace sínú dísù tó dínwó. Ojú lásán ò rí i, ẹ̀rọ ló ń rí i, ó sì nira láti yọ ju aró lọ.

Àwọn tó mú kí wọ́n ṣe èyí gan-an ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn. Ọ̀gbẹ́ni lè dúró sẹ́bàá ọ̀nà ná. Ẹ̀bá ààlà Northern Ireland àti Ireland ni wọ́n wà, ní South Armagh àti àwọn abúlé tó kọjú sí i. Lápá kan ààlà, pupa ni wọ́n ń pa dísù àgbẹ̀ láró; lápá kejì, àwọ̀ ewé ni. Àwọn kan wá sọ ọ́ di iṣẹ́ láti máa fọ̀ ọ́. Wọ́n á kó o wọ abà lóru, wọ́n á da ásíìdì lù ú, tàbí kí wọ́n sẹ́ ẹ gba inú iyẹ̀pẹ̀ tí òyìnbó máa ń rà fún ológbò láti yàgbẹ́ sí. Ẹ má rẹ́rìn-ín, òótọ́ ni, iyẹ̀pẹ̀ ìgbẹ́ ológbò! Aró á lẹ̀ mọ́ iyẹ̀pẹ̀, dísù á jáde ní funfun, wọ́n á gbé e lọ sílé epo, wọ́n á tà á ní owó gidi fún ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Ásíìdì tó kù nínú rẹ̀ á wá máa jẹ ẹ́ńjìnnì onímọ́tò díẹ̀díẹ̀. Ẹrẹ̀ májèlé tó bá ṣẹ́kù, wọ́n á fi àgbá gbé e jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwọn káńsù Louth àti Monaghan ló ń fi owó ìlú palẹ̀ rẹ̀ mọ́ nígbà náà.

Ẹ má sì fi ojú olè nìkan wò wọ́n. Ṣé àwa náà ò mọ̀ ọ́n ni? Nígbà tí ìjọba wa ṣì ń san ìrànwọ́ lórí bẹntiróòlù, kí wọ́n tó yọ ọ́ lóṣù karùn-ún ọdún 2023, ta ni ò mọ kpayo, bẹntiróòlù tó gba Ìdírókò àti Sèmè kọjá, tí wọ́n ń tà nínú ìgò lẹ́bàá títì títí dé Kùtọnu? Ẹ̀gbọ́n mi kan ní Pọ́rtò-Nóvò fi í tọ́ ọmọ mẹ́ta. Ọ̀kan nínú wọn ti di nọ́ọ̀sì. Èyí tó jẹ́ nọ́ọ̀sì yìí náà, ọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀, àmọ́ ẹ jẹ́ n parí ti dísù ná.

Ta ló wá lẹ́tọ̀ọ́ sí èyí tó pupa? Àgbẹ̀, ológbà, ọlọ́sìn ẹja, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ igbó, ọkọ̀ ojú irin. Àwọn tó ń gbé eré sákọ́ọ̀sì kiri náà wà níbẹ̀. Tẹ́lẹ̀ rí, àwọn kọ́léékọ́lé àti ẹ̀rọ wọn tó ń gbẹ́lẹ̀ jọ wà nínú rẹ̀. Nínú ètò ìṣúná oṣù kẹta ọdún 2020 ni Rishi Sunak, tó jẹ́ mínísítà ètò ìnáwó nígbà náà, ti kéde pé èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ẹ̀ka tó ń lò ó máa pàdánù rẹ̀, torí èéfín. Ìjọba ní nǹkan bí ìdá 15 nínú 100 gbogbo dísù tí ìlú náà ń lò nígbà náà ló jẹ́ pupa. Lọ́jọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 2022, ilẹ̀kùn tì mọ́ wọn. Àmọ́ ẹ gbọ́ ẹni tí ilẹ̀kùn ò tì mọ́: pápá gọ́ọ̀fù! Ẹ̀rọ tó ń gé koríko fún àwọn bọ̀rọ̀kìnní tó ń fọ̀pá gbá bọ́ọ̀lù kékeré ṣì ń mu dísù tó dínwó, nígbà tí ẹni tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ń san owó pípé. Èmi ò rí ìtumọ̀ rẹ̀ o. Ẹni tó bá rí i nínú yín kó sọ fún mi.

Ti àwọn tó ní ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́ náà tún wà níbẹ̀. Ilé ẹjọ́ Yúróòpù dá ìlú ọba lẹ́bi lórí ọ̀rọ̀ wọn lóṣù kẹwàá ọdún 2018. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2021, àwọn ti Northern Ireland ò gbọdọ̀ fi pupa tukọ̀ ìgbafẹ́ mọ́. Àwọn ti England, Scotland àti Wales ṣì ń rà á, wọ́n kàn ń san àfikún lórí èyí tó bá gbé ọkọ̀ rìn. Olówó ò ní í wá ọ̀nà kó má rí i.

Akọ̀wé fúnra rẹ̀ ń gbé katakata gba ojú títì pẹ̀lú dísù pupa nínú rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè mú un, torí kábéèjì oko ló ń kó. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ọ̀gá rẹ̀ bá ní kó fi katakata yẹn kan náà bá kọ́léékọ́lé kó yanrìn, ó ti di ẹ̀ṣẹ̀, kò gbọdọ̀ sí ẹ̀kán pupa kan nínú táńkì. Ọmọ náà ní òun máa ń bi ọ̀gá léèrè lẹ́ẹ̀mejì kí òun tó tan iná sí i. Ọlọ́gbọ́n ọmọ ni, ilé wa ló ti jogún rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé tó wà ní Houston gbọ́, ó ní ti ìlú ọba kéré. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tí wọ́n bá bá dísù aláró nínú mọ́tò rẹ̀ lójú títì máa san dọ́là 1,000 tàbí dọ́là 10 lórí gálọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan, èyí tó bá pọ̀ jù nínú méjèèjì. Bó bá tún ṣe é, ó ń di ìlọ́po. Ìgbà tí ìjì Harvey jà ní Texas lọ́dún 2017 nìkan ló rí i tí wọ́n fi ara mọ́ ọn fúngbà díẹ̀, torí epo ò sí.

Ọ̀gbẹ́ni wa ńkọ́? Wọ́n gbé mọ́tò lọ. Ó san owó kí wọ́n tó yọ̀ǹda rẹ̀, ó tún san owó orí tó ti jẹ sẹ́yìn. Ìyàwó ò tíì gbé fọ́tò kankan sórí WhatsApp látìgbà yẹn. Mò ń ṣọ́ ọ.

Èyí tó dùn jù lẹ́nu mi ni mo fi sí ìkẹyìn. Díákónì ni ọ̀gbẹ́ni yìí o! Òun ló ń mójú tó jẹnẹrétọ̀ ìjọ wọn, jẹnẹrétọ̀ náà sì lẹ́tọ̀ọ́ sí dísù pupa lábẹ́ òfin, torí ilé ìjọsìn kì í ṣe ibi òwò. Kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ wà ní kọ̀rọ̀ pẹ̀lú ìwé tó bófin mu, ẹsẹ̀ bàtà mélòó kan sí bọ́ọ̀sì tó ń gbé àwọn akọrin, bọ́ọ̀sì tí kò gbọdọ̀ tọ́ ọ wò láé. Ẹ wo irú ẹni tí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ lé lọ́wọ́. Pásítọ̀ ò bá a jà, wọn ò sì kéde rẹ̀ lórí pẹpẹ. Wọ́n kàn ní kó fi jẹnẹrétọ̀ sílẹ̀, kó máa bójú tó àga. Àga kì í mu dísù.