Ẹrù Tó Ní Fáànù

Bí o bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń wo ọ̀daràn, tú kọ̀ǹpútà palẹ̀ sínú báàgì ọwọ́, kí o gba Heathrow wọ bàálù lọ sí Èkó. Lójú ẹ̀rọ x-ray, wáyà wẹ́wẹ́, pátákó onírin wẹ́wẹ́ àti fáànù mẹ́ta kò jọ ẹrù ọmọlúàbí. Wọn yóò béèrè pé kí nìyí. "Kọ̀ǹpútà ni" ti tó. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé motherboard fún ẹ̀ṣọ́, òun ló ń ránṣẹ́ pe ọ̀gá ẹ̀ṣọ́.

Ti bátìrì ló ń pa mí lẹ́rìn-ín jù. Ọ̀bẹ àti òòlù, ìsàlẹ̀ bàálù ni wọ́n ń rán wọn lọ. Bátìrì lithium tí kò sí nínú ẹ̀rọ, èyí tó lè gbiná, wọ́n ní kí èrò gbé e dání! Wọ́n ní bó bá gbiná lọ́dọ̀ wa, a ó tètè rí i. Ẹ ṣé o. Bó bá sì ti ju 100 watt-hour lọ, àfi kí o kọ́kọ́ gbàṣẹ.

O gbé kọ̀ǹpútà náà dé Ikeja tán láti tà á, ọmọ ọjà kọ̀ǹpútà Computer Village wo ẹrù náà yípo, ó yínmú: "Ẹ̀gbọ́n, tòkunbọ̀ mà nìyí. Ẹ gbé owó wálẹ̀."