Ewúrẹ́ Opó àti Ìjàpá Akọ̀wé Báńkì

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbóò, ó dá lórí Ìjàpá Tìrókò ọkọ Yánníbo, nígbà tó ríṣẹ́ sí báńkì ní Texas. Ẹ má bi mí bó ṣe débẹ̀.

Òbúkọ ní ilẹ̀ kan ní Texas yìí. Wọ́n ń fa epo rọ̀bì níbẹ̀, ẹ̀rọ ń mi orí tọ̀sán-tòru bí alángbá. Nígbà tí ikú dé, ó ṣe ìwé ìhágún: "Ewúrẹ́ ìyàwó mi ni kó máa jẹ ilẹ̀ yìí títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, kó di ti àwọn ọmọ tí ìyálé rẹ̀ bí fún mi."

Ọ̀rọ̀ epo ló máa ń dá ìjà sílẹ̀ nínú irú ogún bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òfin ibẹ̀ ti là á. Bí àdéhùn fífa epo bá ti wà kí olóògbé tó kú, opó ló ń jẹ owó onílẹ̀ tó ń wọlé. Bó bá jẹ́ lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni wọ́n ṣe àdéhùn, tí ìwé ìhágún kò sì sọ nǹkan kan, wọ́n á tọ́jú owó náà pa mọ́ de àwọn ọmọ, èlé orí rẹ̀ nìkan ni opó máa jẹ. Epo Òbúkọ ti ń jáde tipẹ́. Owó Ewúrẹ́ ni, kò láríyànjiyàn nínú.

Erin, ọ̀gá àwọn elépo, ní kí wọ́n kọ sọ̀wédowó. Akọ̀wé rẹ̀ kò kọ "Ewúrẹ́" kó fi mọ síbẹ̀. Àṣejù mú un, ó kọ ọ́ pé: "Fún Ewúrẹ́, ẹni tó ni ilẹ̀ títí ọjọ́ ikú rẹ̀."

Ìjàpá gbà á ní báńkì, ojú rẹ̀ bọ́ sórí "ikú." Ó yọ awò, ó nù ún, ó tún fi í sójú.

"Màmá, ẹ kú aráfẹ́rakù."

"Ta ló kú?"

"Ẹ̀yin ni. Ẹ mú ìwé ẹ̀rí ikú yín wá, pẹ̀lú ìwé ilé-ẹjọ́ tó yan ẹni tí yóò máa bójú tó ẹrù yín."

Ni Ewúrẹ́ bá forin sẹ́nu, gbogbo akọ̀wé báńkì sì ń gbè é. Ẹ̀yin náà, ẹ bá wọn gbè é:

Ìjàpá, gbàwé mi, fún mi lówó,
*Ìwé ò pé!*
Èmi rèé lóòró níwájú rẹ,
*Ìwé ò pé!*
Irùngbọ̀n mi ń mì, ẹnu mi ń jẹ,
*Ìwé ò pé!*
Òkú wo ló ń tò sórí ìlà?
*Ìwé ò pé o, ìwé ò pé!*

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀ lórí ìlà, ó mú sọ̀wédowó Àkùkọ dání, ìyẹ́ ṣì wà létí ẹnu rẹ̀. Wọ́n sanwó fún un. Ìwé tirẹ̀ pé.

Lọ́jọ́ kejì wọ́n ní kí àwọn ọmọ orogún wá fọwọ́ sí i. Àwọn ọmọ kọ̀: "Owó yín kọ́ ni, Màmá? Ilẹ̀ ò tíì kàn wá." Òótọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọmọ orogún, nínú báńkì ni wọn ò ti gbà á gbọ́. Wọ́n tún ní kó ṣí àkáǹtì àwọn tó ń tọ́jú owó fún ẹlòmíràn. Ta ni ẹlòmíràn náà? Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n.

Oṣù 6 kọjá lórí èyí. Òfin Amẹ́ríkà kò fi dandan mú báńkì láti san sọ̀wédowó tó bá ti ju oṣù 6 lọ, Ìjàpá sì mọ òfin yẹn ju orúkọ Yánníbo lọ. Ewúrẹ́ padà sọ́dọ̀ Erin, Erin kọ òmíràn fún un. "Títí ọjọ́ ikú rẹ̀" ṣì wà níbẹ̀, nítorí bẹ́ẹ̀ ló wà nínú ìwé ilẹ̀ tiwọn.

Báyìí ni wọ́n ń bá a lọ títí Ewúrẹ́ fi kú lóòótọ́. Àtìgbà yẹn ni owó epo tó ń jáde ti di ti àwọn ọmọ orogún; ṣùgbọ́n èyí tó ti wọlé kó tó kú, ẹrù tirẹ̀ ni. Ọmọ bíbí inú rẹ̀ kó gbogbo ìwé dé báńkì: ẹ̀rí ikú rèé, ìwé ilé-ẹjọ́ rèé.

Inú Ìjàpá dùn dé eyín. Ó lu òǹtẹ̀ gbà! gbà! "Wàyí o, ìwé pé!" Ó yí ẹ̀yìn sọ̀wédowó síta, ó sì na bírò sí ọmọ náà.

"Ó ku ohun kékeré kan. Ẹ ní kí màmá wá fọwọ́ sí i fúnra wọn."