Má-fọwọ́-kàn-án àti Ìwé Asuráńsì

Ẹ ó ti gbúròó rẹ̀ kí ẹ tó rí i. Bí ẹ bá dúró lẹ́bàá títì ilẹ̀ Benin tó ti Àjàṣẹ́ gba Ṣakẹ́tẹ́ lọ sí Pọ́bẹ̀, fèrè alùpùpù rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ kí yín, fèrè ọkọ̀ àjàgbé tó lọ so mọ́ ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ méjì. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó rí iná pupa, iná búlúù, iná aláwọ̀ ewé tí ń ṣẹ́jú lábẹ́ rẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Ìgbà tó bá dúró tán ni ẹ ó wá rí i pé kò tíì bó ọ̀rá tí wọ́n fi wé ìjókòó láti ilé-iṣẹ́. Ó ti pẹ́ tó ti rà á. Oòrùn ti gbó ọ̀rá náà, ó ti ya wẹ́lẹwẹ̀lẹ, ó ń gún ẹni tó bá jókòó sẹ́yìn nítan, àmọ́ ẹni tó bá ní kó bó o kúrò di ọ̀tá rẹ̀ nìyẹn. Ọmọdé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan jígí rẹ̀. Àwa náà kúkú sọ ọ́ ní Má-fọwọ́-kàn-án.

Ọmọ ogún ọdún lé díẹ̀ ni, alùpùpù àkọ́kọ́ rẹ̀ sì nìyí. Baba rẹ̀ ló ta epo pupa: ní Pọ́bẹ̀, níbi tí wọ́n ti dá ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ sílẹ̀ láti 1922, igi ọ̀pẹ ni báńkì ọ̀pọ̀ ilé. Ìyá rẹ̀ kó àjọ lé e. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà l'Ékòó fi ìyókù ránṣẹ́. Lọ́jọ́ tí alùpùpù dé, wọ́n fọ̀ ọ́, ẹ má sì rò pé omi ni wọ́n fi fọ̀ ọ́. Ọtí sódábì ni wọ́n ta sílẹ̀ fún táyà, páálí bíà tẹ̀ lé e, ẹlẹ́rọ orin sì lù ú di òru. Ilẹ̀ mọ́, ó lọ ra fèrè, ó ra iná, ó ra ẹ̀rọ orin tí wọ́n dè mọ́ abẹ́ ọwọ́ alùpùpù. Ó ra àṣíborí pẹ̀lú, kí n má parọ́ mọ́ ọn. Ara ọwọ́ alùpùpù ni àṣíborí náà ń gbé. Bó bá ku díẹ̀ kó dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ni yóò gbé e sórí. Bó bá ti kọjá wọn, ó di orí kò sí.

"Asuráńsì ńkọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Ó ti wọ́n jù fún àwa ọ̀dọ́."

Òfin asuráńsì yìí kì í ṣe ti ìjọba Kútọnu nìkan. Ní 1992, àwọn orílẹ̀-èdè Afíríkà tí ń ná fráńkì CFA péjọ sí Yaoundé, wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn CIMA lórí asuráńsì, òfin rẹ̀ sì ti ń ṣiṣẹ́ láti 1995. Ohun tó wí ni pé ohunkóhun tó bá ní ẹ́ńjìnnì, tó sì ń rìn lórí ilẹ̀, ẹni tó ni ín gbọ́dọ̀ ní ìwé tí yóò bá a san án bó bá ṣe ẹlòmíì léṣe. Alùpùpù kò yọ sílẹ̀, ọ̀rá orí ìjókòó kò sì yí èyí padà.

Má-fọwọ́-kàn-án ní ẹ̀rí lọ́wọ́ o. Ọmọ àbúrò ìyá rẹ̀ kan ní Lọ́ńdọ̀nù ló sọ fún un pé níbẹ̀, bí ọjọ́ orí ẹni bá ṣe kéré tó ni owó asuráńsì alùpùpù rẹ̀ ṣe ń ga tó. "Ṣé ẹ rí i? Gbogbo ayé ló ń rẹ́ ọ̀dọ́ jẹ." Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó gbọ́ pé ní Nàìjíríà, láti 2023, náírà 3,000 ni wọ́n dá lé ti alùpùpù, ló bá ní òun yóò sọdá lọ rà á níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, nọ́ńbà Benin ló wà nídìí alùpùpù rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí ìwé òun ran òun lọ́wọ́ ní ìhà kejì ààlà, Carte Brune ECOWAS, tí wọ́n fọwọ́ sí ní Kútọnu gan-an ní 1982, ni yóò mú dání, ilé ni èèyàn sì ti ń gba ìyẹn, pẹ̀lú asuráńsì. Nígbà tí Nàìjíríà yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù karùn-ún 2023, tí owó kpayo, epo Nàìjíríà inú ìgò, fò sókè lẹ́bàá títì wa, ẹ kò gbọ́ kó ní ó wọ́n. Ó ń rà á, ó sì ń gun alùpùpù lọ kí aládùúgbò tó wà ní ilé kejì.

Lọ́jọ́ kan, ó yà sọ́dọ̀ obìnrin tí ń ta asuráńsì lábẹ́ agboòrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà. Kò sọ̀ kalẹ̀, kò pa ẹ́ńjìnnì.

"Tàntí, ẹ kú ọjà o. Èló ni?"

Obìnrin náà wo bí ẹ́ńjìnnì ṣe lágbára tó, ó béèrè iye oṣù tó fẹ́, ó dá iye kan fún un.

"Ẹ gé e fún mi."

"Àbúrò, iṣu kọ́ ni mò ń tà."

"Ẹ kọ ìwé náà ná. Bí baba mi bá ta epo, n ó wá san án."

"Láti 2011 ni òfin ti ní a kò gbọdọ̀ tà á láwìn. Owó kọ́kọ́, ìwé lẹ́yìn."

"Ó dáa. Bí mo bá wá san án, tí alùpùpù mi fọ́, ẹ ó fún mi ní tuntun?"

"Rárá o. Ẹni tí o bá kọ lù ni eléyìí wà fún."

Ó pa ẹ́ńjìnnì. "Ẹ tún un sọ, Tàntí."

Ó tún un sọ.

"Ẹ ní kí èmi fowó mi ra nǹkan fún ẹni tí n kò mọ̀ rí, tí kò tíì jáde nílé rẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ náà ni."

Títí di òní ló ń sọ ọ́ kiri Ṣakẹ́tẹ́ pé orí ló kó òun yọ lọ́wọ́ gbájú-ẹ̀.

Àwọn tí ń ta ìwé náà kò mọ́ tónítóní lójú mi. Òfin CIMA kan náà fún ilé-iṣẹ́ asuráńsì ní oṣù 12 gbáko láti sọ iye tí yóò san fún ẹni tó fara pa, àti oṣù 8 fún àwọn ará ilé ẹni tó kú. Ẹsẹ̀ tó sì ti kán kì í dúró de lẹ́tà. Mo mọ awakọ̀ zẹmijan, alùpùpù akérò, tí ń san owó alùpùpù fún ọ̀gá lójoojúmọ́, tí owó rẹ̀ ń wọlé ní ẹyọ ẹyọ, tí wọ́n sì ní kó san owó ìwé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ìyẹn bá ní ó wọ́n, mo gbà fún un. Ẹni tó fi bíà fọ táyà ni n kò gbà fún.

Ẹ wá wò ó, Má-fọwọ́-kàn-án ti ní asuráńsì látọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Lẹ́yìn òjò, ó gba ọ̀nà inú ilẹ̀ Ọ̀họ̀rí kó lè yẹra fún ọlọ́pàá, ilẹ̀ dúdú ibẹ̀ sì gbá táyà mú, ó gbé e lu obìnrin kan tó ru gààrì lọ sọ́jà. Gààrì dà, ọrùn ọwọ́ obìnrin náà yẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn àgbà ilé rẹ̀ ti dọ̀bálẹ̀ fún àwọn ará ilé obìnrin náà: "Ẹ forí jì í, kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é." Àjọ ìyá rẹ̀ tó kàn án lóṣù yẹn, èyí tó fẹ́ fi kan páànù ilé, ọ̀dọ̀ oníwòsàn ló lọ. Baba ta epo kó tó tó àkókò. Ẹ̀gbọ́n Èkó tún fowó ránṣẹ́. Kò sẹ́ni tó béèrè ìwé, kò sẹ́ni tó wọn ẹ́ńjìnnì, wọn kò sì jẹ́ kó pé ọjọ́ kan.

Ojú tì í díẹ̀ ṣá. Ó padà sọ́dọ̀ Tàntí, ó ra èyí tí oṣù rẹ̀ kéré jù lọ, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú alùpùpù níbi tí iná búlúù yóò ti máa tàn sí i. Ló bá di oníwàásù. Ọmọkùnrin tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ra tirẹ̀, yóò dá a dúró: "Àbúrò, asuráńsì rẹ dà? Òfin ni o!"

Lóṣù tó kọjá, ọlọ́pàá dá a dúró lójú ọ̀nà Pọ́bẹ̀. Ó nawọ́ sí ìwé náà tìgboyà-tìgboyà. Ọlọ́pàá tẹ̀ mọ́ ọn, ó kà á.

"Ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá. Ta ni yóò san owó ìtanràn?"

Fóònù ti wà létí rẹ̀. "Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé wọn ò tíì gba àjọ oṣù yìí lọ́wọ́ yín?"