Owó Péréte, Kámẹ́rà Ńlá

Ẹni tó bá fẹ́ ra kámẹ́rà àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Àgbádárìgì, kí ọlọ́jà má ṣe fi iye megapixel yí i lórí. Megapixel 12 tó láti ya ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àwọn míṣọ́nnárì tó ti wà ní Marina láti 1845. Ilé náà kò kúkú ní sá. Kámẹ́rà tí Steve Sasson ṣe ní Kodak ní 1975, megapixel 0.01 péré ni, ìṣẹ́jú àáyá 23 ló sì fi ń gba àwòrán kan sílẹ̀. Kó tó parí, eégún Sàǹgbétò ti yí, ti jó, ti gba owó, ti lọ.

Tòkunbọ̀ dára, bí dígí ojú rẹ̀ kò bá ṣá ti bu bíi búrẹ́dì ọjọ́ pípẹ́. Ẹ ra àpò tó dé dáadáa mọ́ ọn, torí afẹ́fẹ́ oníyọ̀ àti yanrìn erékùṣù Gberefu kì í bèèrè rìsíìtì. Ẹ sì ṣẹ́ owó ọkọ̀ ojú omi kù. Ẹni tó bá kó gbogbo owó lé kámẹ́rà, etí ọ̀sà níhìn-ín ni yóò ti máa ya erékùṣù náà. Àfi kó yáa ra èyí tó ń fa ọ̀nà jíjìn mọ́ra.