Àpótí Nọ́ńbà

Ní ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá ọdún 2024, nọ́ńbà fóònù Bẹ̀nẹ̀ kúrò ní díjíìtì 8, ó di 10: wọ́n fi 01 síwájú gbogbo rẹ̀. Ará Okpara ní Ṣábẹ̀ẹ́ fi 01 mọ́ tirẹ̀, ó bá ọjà rẹ̀ lọ. Ẹni tó ń kọ ìkànnì ni kò rí oorun sùn, pàápàá ẹni tó ti da àpótí nọ́ńbà kan náà, ibi tí èèyàn ń tẹ nọ́ńbà rẹ̀ sí, kọ káàkiri ojú ewé. Ó tún gbogbo wọn ṣe, àfi ti ìsanwó. (Ibi owó gan-an ni wọ́n máa ń gbàgbé.)

Ọlọ́gbọ́n kọ àpótí kan ṣoṣo, kò sì jẹ́ kí àpótí mọ iye díjíìtì rárá. Fọ́ńkíṣọ̀n ló gbé lé e lọ́wọ́: gba nọ́ńbà, sọ bóyá ó pé. Béèyàn bá sọdá odò Okpara bọ́ sí Nàìjíríà, tí nọ́ńbà di 11, fọ́ńkíṣọ̀n mìíràn ni, àpótí kò yí padà. React, ohun èlò ìkọ ojú ewé tí Facebook gbé jáde ní 2013, ló jẹ́ kí àṣà yìí gbilẹ̀.

Àṣejù rẹ̀ náà wà ṣá. Mo ti rí bọ́tìnnì tó ń béèrè ọ̀rọ̀ ju aṣọ́bodè lọ kó tó gbà kí wọ́n tẹ òun.