Ráì Ilẹ̀ Kánádà, Mo Dọ̀bálẹ̀

Wisikí ráì ilẹ̀ Kánádà, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja!
Òfin ilé rẹ gbà kí wọ́n máa pè ọ́ ní ráì,
òfin kan náà kò sọ iye ọkà ráì tó gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ.
Àgbàdo lè kún inú rẹ dé ọrùn,
orúkọ ráì ni yóò ṣì wà lára ìgò, gàdàgbà.
Kábíyèsí! Ta ni yóò bi ọ́?

Àwọn ará Amẹ́ríkà ni wọn ò mọ ayé í jẹ.
Wọ́n ní ráì tiwọn kò gbọdọ̀ dín ní ìdá 51 nínú 100,
wọ́n ní àgbá óákù tuntun ni kó gbé, tí wọ́n ti fi iná jó inú rẹ̀.
Ìyà kí lèyí?
Ìwọ fi ọdún mẹ́ta sùn nínú àgbá, bó jẹ́ àlòkù, o ò kọ̀.
Bí àwọ̀ rẹ kò bá pọ́n tó,
òfin gbà kí wọ́n fi ṣúgà jíjó kùn ọ́.
Arẹwà onítìróò!

Ẹ jẹ́ ká dé orí àdàlù ọtí Manhattan, níbi tí a ti ń mọ akọni.
Ìwọ̀n wisikí méjì, ìwọ̀n wáìnì vermouth pupa kan,
oje kíkorò Angostura, kíkán méjì;
kí agbọ́tí fi yìnyín rò ó títí yóò fi tutù nini,
kó sẹ́ ẹ sínú ife, kó ju èso ṣẹ́rì sí i.
Mo fi Rittenhouse, ráì Amẹ́ríkà, ṣe ọ̀kan, mo fi ọ́ ṣe èkejì.
Rittenhouse, ọmọ Pennsylvania tó di ará Kentucky,
tí òfin ọdún 1897 dè mọ́lẹ̀:
ó kéré tán ọdún mẹ́rin nínú àgbá, agbára ọtí ìdá 50 nínú 100 gééré,
ilé ìpọntí kan ṣoṣo, sáà kan ṣoṣo.
Aláìmọ̀wàáhù!
Vermouth ní òun dùn, ó ní òun ta.
Angostura ní òun korò, ó ní kó tún un wí.
Títí mo fi gbé e mì, ìjà ni wọ́n ń jà lẹ́nu mi.

Ìwọ ńkọ́, ọlọ́kàn tútù?
Vermouth wọlé, o dìde fún un lórí àga.
Angostura kán, o bọ́ sẹ́yìnkùlé.
Èso ṣẹ́rì lásán, o gbé ipò àgbà fún un.
Mo mu ife náà tán, mo tún ń bèèrè pé
ṣé wisikí ò tíì dé ni?

(Alberta Premium, má bínú, n ò bá ọ wí.
Ráì nìkan ni wọ́n fi ṣe ìwọ. Ará ilé rẹ ló kó bá ọ.)

Àdàlù ọtí Sazerac náà ránṣẹ́ pè ọ́ ní New Orleans.
Ọtí absinthe tí wọ́n kàn fi ṣan ife, tí wọ́n sì dà nù,
òun náà borí rẹ.

Ṣùgbọ́n a kì í fi ẹ̀tọ́ ẹni dù ú.
Láti 1920 sí 1933, tí Amẹ́ríkà fòfin de ọtí,
ìwọ lò ń sá kọjá odò láti Windsor sí Detroit.
Wọ́n yìn ọ́, wọ́n pọ́n ọ lé;
ẹlòmíràn ò kúkú sí nílé.

Agbọ́tí, Rittenhouse ni kó o fi po tèmi.
Bu ti Kánádà yìí fún ẹni tí dókítà ní kó má mutí mọ́.