Ọ̀dà Ò Mọ Ìṣirò

Bí àwọn aláyẹ̀wò bá ń bọ̀ nílé-ẹ̀kọ́ gíga nílẹ̀ yìí, imú làá fi í mọ̀: òórùn ọ̀dà ló ń ṣáájú wọn. Ẹ̀rọ tó ti ń sùn lábẹ́ aṣọ á rí epo mu, olùkọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ lásán á wá jókòó sí ọ́fíìsì. Àlejò á lọ, wọ́n á ní iléèwé yege. Pólì Ìjọba Àpapọ̀ ti wà l'Ẹ́dẹ láti 1992, Yunifásítì Adeleke dé ní 2011, àwọn méjèèjì sì ń kọ́ ọmọ níṣẹ́ ẹnjiníà. (Kẹ́nì kan má pè mí lẹ́jọ́ o, n ò dárúkọ ẹni tó ra ọ̀dà.) Ṣùgbọ́n nígbà tí Tìmì Àgbàlé tó tẹ Ẹdẹ dó ń ta ọfà iná, ta ló béèrè bóyá ọrun rẹ̀ ń dán? Ibi tí ọfà bà ni wọ́n wò.

L'Ámẹ́ríkà, ìdánwò FE, oníbéèrè 110, ni ẹnu ọ̀nà ìwé àṣẹ ẹnjiníà. Àjọ NCEES tó ń ṣe é máa ń jẹ́ kí iléèwé mọ bí àwọn ọmọ rẹ̀ ṣe ṣe sí nínú ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, láti orí ìṣirò dórí ìwà ọmọlúàbí lẹ́nu iṣẹ́, àti bí ti àwọn yòókù ṣe rí. Níbí, iṣẹ́ ọdún mélòó kan àti ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò wà lára ohun tó ń gbéni dé ìwé COREN, àjọ tó ń forúkọ ẹnjiníà sílẹ̀. Ìyẹn ò lè sọ fún olùkọ́ pé ẹ̀kọ́ ooru lọmọ rẹ̀ ti ṣubú. Irú ìdánwò FE yẹn ló yẹ kí COREN máa ṣe fáwọn ọmọ tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ẹnjiníà jáde.

Àwọn kan á ní ìlú tó dá ibùdó ìyanu sílẹ̀ fún WAEC á dá ti ẹnjiníà náà. Òótọ́ ni, bó bá jẹ́ iye tó yege nìkan la ń kéde. Ká tó ṣẹ́jú, pátákó "100%" á ti dúró l'Ókè-Gàdà l'Ẹ́dẹ, ọmọ márùn-ún tó mọ̀wé jù ni wọ́n sì forúkọ wọn sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí gbogbo kíláàsì jókòó, ká sì ka àbájáde lẹ́kọ̀ọ́-dẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n á tún ní bébà ò lè dán ọwọ́ wò. Kò lè ṣe é lóòótọ́. Àmọ́ ẹni tí kò lè ṣírò bí omi ṣe ń ti ògiri dáàmù Ẹ̀rìnlẹ̀, kí ni ká fún ọwọ́ rẹ̀ ṣe níbẹ̀? Ní ti pé iléèwé ò ní irinṣẹ́, ẹ jẹ́ kí àbájáde sọ bẹ́ẹ̀ ketekete, kí Abuja rí ẹ̀bi tirẹ̀ kà.

COREN, ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń jáde lọ́dún yìí. Ẹ kó àbájáde náà fún olùkọ́ kẹ́ ẹ tó kó o fún oníròyìn.